Àbẹ́là Kan, Ìyẹ́ Kan, àti Ìwúkàrà Tó Sá Pamọ́

Ojú ewé yìí wà fún ìbéèrè ẹ̀yin olùkàwé lórí ẹ̀sìn àti àṣà àwọn ènìyàn mìíràn. Nígbà tí a ṣe àlàyé ráńpẹ́ lórí àjọ Ìrékọjá àwọn Júù, a sọ nínú gbólóhùn kan ṣoṣo pé wọ́n máa ń fi àbẹ́là wá ìwúkàrà, ìyẹn búrẹ́dì àti ohun mìíràn tó ti wú, kiri inú ilé ní alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nisan ti àwọn Júù, tí í ṣe ọjọ́ àìsùn àjọ náà. Gbólóhùn kan yẹn ló bí àwọn lẹ́tà tó wà níwájú wa yìí. A gé àwọn kan kúrú, a sì fi orúkọ àwọn tó kọ wọ́n pamọ́ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀ wá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ọmọbìnrin mi ń tọ́jú ìyá arúgbó kan tó jẹ́ Júù ní Golders Green ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan tẹ̀rùtẹ̀rù pé àwọn ọmọ ìyá náà kó ara wọn jọ, wọ́n pa iná ilé, wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n sì ń fi ìyẹ́ ẹyẹ gbá kọ̀rọ̀ ilé sínú ṣíbí igi láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n kó gbogbo rẹ̀, tìyẹ́ tìyẹ́, tìṣíbí tìṣíbí, wọ́n dáná sun ún. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹ mọ̀ pé a kì í gbálẹ̀ lóru. Ṣé kì í ṣe ètùtù ni wọ́n ń ṣe? Ọmọ mi sì tún ní búrẹ́dì àti Indomie tirẹ̀ nínú yàrá tó ń sùn. Ṣé wọn kò ní bá a wí? — Ìyá kan, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ètùtù nínú rẹ̀. Òfin tó wà nínú ìwé Ẹ́kísódù, orí kejìlá àti orí kẹtàlá, ni ìdílé náà ń pa mọ́. Ibẹ̀ ni a ti pa á láṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé, fún ọjọ́ méje gbáko, wọn kò gbọdọ̀ jẹ ohun tó ní ìwúkàrà, a kò gbọdọ̀ rí i lọ́dọ̀ wọn, a kò sì gbọdọ̀ bá a nínú ilé wọn. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn odi ilẹ̀ Ísírẹ́lì, bí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù wọ̀nyí, fi ọjọ́ kan kún un, ó sì di mẹ́jọ. Láti inú àṣẹ yìí ni àwọn amòye wọn ti fi lélẹ̀ pé ní alẹ́ tí oṣù Nisan bá wọ ọjọ́ kẹrìnlá, kí olúkúlùkù mú fìtílà kí ó sì wá inú ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló ṣí apá tó dá lórí Ìrékọjá nínú Mishnah, ìwé òfin tí Rábì Juda kó jọ ní agbègbè Gálílì ní nǹkan bí ọdún 200 Sànmánì Kristi.

Ìyẹ́ àti ṣíbí igi kò sí nínú òfin náà. Àṣà ló mú wọn wá, nítorí pé ìyẹ́ a máa wọ inú pàlàpálá tí ìka kò lè wọ̀, igi sì rọrùn láti sun mọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé, wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fọ ilé, gbọn àpò aṣọ, kí wọ́n sì nu ẹ̀yìn àti abẹ́ gbogbo nǹkan, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wá ìwúkàrà lè rìn káàkiri kó má rí ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀, ó ti yin Ọlọ́run tó fi àṣẹ mímú ìwúkàrà kúrò lélẹ̀, wọn kò sì fẹ́ kí a pe orúkọ Ọlọ́run sórí asán. Ìdí nìyí tí ẹnì kan nínú ilé fi máa ń fi ègé búrẹ́dì díẹ̀ pamọ́ síbi tí olùwá yóò ti rí wọn. Rábì Moses Isserles ti ìlú Krakow ní ilẹ̀ Pólándì kọ àṣà yìí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, ó sì fi kún un pé ẹni tí kò bá ṣe é kò ba nǹkan kan jẹ́. Pé kí ègé náà jẹ́ mẹ́wàá, Rábì Isaac Luria ti ìlú Safed ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Wọ́n á fi bébà wé ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn kò sì ní jẹ́ kó tóbi tó èso ólífì kan. Ẹni tó fi wọ́n pamọ́ gbọ́dọ̀ rántí ibi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé èyí tó bá sọnù nínú wọn ti di ìwúkàrà gidi tí onílé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbìn sínú ilé.

Ìdákẹ́jẹ́ tó já ọmọ yín láyà ní ìdí tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ dí àárín ìyìn tí wọ́n sọ àti ìbẹ̀rẹ̀ wíwá náà, títí wọn yóò sì fi parí, ohun tó kan wíwá nìkan ló yẹ kí wọ́n máa sọ. Ní ti gbígbálẹ̀ lóru, àwọn àgbà wa kọ̀ ọ́ nítorí pé òkùnkùn lè mú kí ènìyàn gbá owó tàbí ohun iyebíye dànù láìmọ̀. Àwọn amòye Júù yan òru nítorí pé ìgbà náà ni gbogbo ènìyàn wà nílé, àti pé inú òkùnkùn ni ìmọ́lẹ̀ àbẹ́là ti wúlò jù. Òkùnkùn kan náà ni gbogbo wa wò.

Ní ti búrẹ́dì ọmọ yín, bí owó rẹ̀ ló fi rà á tó sì jẹ́ tirẹ̀ pátápátá, ìdílé náà kò ṣẹ̀ sí òfin nítorí pé ó wà lábẹ́ òrùlé wọn. Ọ̀rọ̀ tí Bíbélì lò ni pé a kò gbọdọ̀ rí i “fún ọ”, àwọn amòye sì túmọ̀ rẹ̀ pé tìrẹ ni o kò gbọdọ̀ rí, o lè rí ti ẹlòmíràn. Síbẹ̀, bí oúnjẹ náà bá wà ní gbangba, wọ́n ní láti fi nǹkan tó ga tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́wàá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan, dínà rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa gbàgbé kó sì bù ú jẹ. Inú yàrá ọmọ yín tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì ti tó. Kó sọ fún wọn ṣáájú, kó má gbé e dé ilé ìdáná wọn, kó má sì ṣe fi ìkòkò wọn se Indomie, nítorí àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó oúnjẹ ilé ni wọ́n fi rà á, ti ilé ni, ó sì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ìyá wa, nítorí orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn tó kù dúró lé: ẹni tó gbé àbẹ́là yẹn ń wá ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ní Pàkàtà. Ẹ sọ pé “alẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá”. Ṣé alẹ́ tó ṣáájú ọ̀sán ọjọ́ náà ni, àbí èyí tó tẹ̀lé e? Kí ló sì dé tó fi jẹ́ àbẹ́là, nígbà tí iná mànàmáná wà? — Ààfáà kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ààfáà, ẹ̀yin lẹ máa tètè lóye apá àkọ́kọ́, nítorí pé bí ẹ ṣe ń ka ọjọ́ ni wọ́n ṣe ń kà á. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ọjọ́ tuntun ti dé, gẹ́gẹ́ bí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ṣe jẹ́ òru Jímọ̀ fún ẹ̀yin Mùsùlùmí. Òru ló máa ń ṣáájú ọ̀sán. Ní ọdún 2026, Ọjọ́rú, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Igbe, ni ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nisan, nítorí náà alẹ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Ẹrẹ́nà, ni àkókò wíwá ìwúkàrà, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú sì ni àjọ náà wọlé. Àwọn amòye tó kọ Talmud, ìwé ńlá tó ń ṣàlàyé Mishnah, pàápàá jiyàn lórí ìbéèrè tó jọ tiyín, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Mishnah lò fún alẹ́ náà lè túmọ̀ sí “ìmọ́lẹ̀”, àwọn kan sì rò pé àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ń wí. Wọ́n wá ẹ̀rí kiri inú Ìwé Mímọ́ kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé alẹ́ ni. Bí ìràwọ̀ bá ti yọ, tó bọ́ sí àárín Màgáríbì àti Ìṣáì lọ́dọ̀ yín, ló yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí ènìyàn jókòó ti oúnjẹ tàbí kó dáwọ́ lé iṣẹ́ ní ìdajì wákàtí tó ṣáájú rẹ̀, kí nǹkan náà má bàa gbà á lọ.

Ní ti àbẹ́là, ẹ̀rí tí Talmud mú wá jọ okùn tí a so pọ̀. Ọ̀rọ̀ “wá” wà nínú ìtàn bí wọ́n ṣe wá ife Jósẹ́fù nínú àpò Bẹ́ńjámínì. Ọ̀rọ̀ “wá” yẹn tún wà nínú ìwé Sẹfanáyà, níbi tí Ọlọ́run ti ní òun yóò fi fìtílà wá inú Jerúsálẹ́mù. Ìwé Òwe, orí ogún, sì sọ pé fìtílà Olúwa ni ẹ̀mí ènìyàn, tó ń wá inú lọ́hùn-ún kiri. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá bi ara wọn pé, bí ó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ la fẹ́, kí ló dé tí a kò lè lo ògùṣọ̀, tó mọ́lẹ̀ ju fìtílà lọ? Amòye mẹ́rin dáhùn. Ọ̀kan ní fìtílà a máa wọ inú ihò àti pàlàpálá, ògùṣọ̀ kì í wọ̀ ọ́. Ìkejì ní iwájú ẹni ni ìmọ́lẹ̀ fìtílà wà, ẹ̀yìn ni ti ògùṣọ̀ ń mọ́lẹ̀ sí. Ìkẹrin ní iná ògùṣọ̀ a máa jó lọ jó bọ̀, ti fìtílà dúró jẹ́ẹ́. Ìdáhùn ẹnì kẹta, Rábì Papa, ni mo fẹ́ràn jù: ẹni tó gbé ògùṣọ̀ ń bẹ̀rù. Ẹni tó bá ti gbé iná ògùṣọ̀ wọ abẹ́ òrùlé koríko rí mọ̀ pé òrùlé ni ojú rẹ̀ yóò máa wò, kò ní ráàyè wo ilẹ̀.

Ìdí kan náà ni Rábì Joseph Karo tẹ̀lé nínú ìwé òfin rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ ní ìlú Venice ní ọdún 1565, nígbà tó kọ̀ fún fìtílà epo àti ti ọ̀rá, nítorí pé ẹni tó gbé e kò ní fẹ́ kó kán sórí ẹrù rẹ̀, kò sì ní súnmọ́ kọ̀rọ̀ dáadáa. Àbẹ́là onída ẹyọ kan ló yàn, nítorí pé bí a bá lọ́ méjì pọ̀, ó ti di ògùṣọ̀. Lóde òní, ọ̀pọ̀ Rábì gbà kí a lo tọ́ọ̀ṣì, pàápàá fún inú ọkọ̀ àti abẹ́ ibùsùn níbi tí iná ti léwu. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ojú ọjọ́ ń wọ̀ dáadáa, Talmud ti yọ̀ǹda pé kí a fi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wá a.

ÌBÉÈRÈ: Ó dà bíi pé ẹni tó bá tẹ̀lé òfin yìí dé orí kò ní sùn. Eku ilé tí mo háyà ní Òmù-Àrán lè gbé búrẹ́dì láti ibi tí mo jẹ ẹ́ sí dé abẹ́ ibùsùn kí n tó ṣẹ́jú. Bí ènìyàn bá wá ilé tán, tí eku tún gbé òmíràn wọlé ńkọ́? Níbo gan-an ni wíwá náà parí sí? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Òmù-Àrán.

ÌDÁHÙN: Ọmọ wa, ó ti tó nǹkan bí 1800 ọdún tí wọ́n ti bi ara wọn ní ìbéèrè rẹ yìí, ìdáhùn rẹ̀ ló sì wà ní ìpín kejì apá tó dá lórí Ìrékọjá nínú Mishnah tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan. Mishnah ní kí a má ṣe bẹ̀rù pé bóyá ẹran kékeré kan tó ń wọ ilé bí eku ti wọ́ ìwúkàrà láti ilé kan dé òmíràn, nítorí pé bí a bá gba ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ láàyè, a óò máa bẹ̀rù láti àgbàlá dé àgbàlá, láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní lópin mọ́. Ó yà mí lẹ́nu pé àwọn tó ní kí a fi fìtílà wá inú ilé náà ló tètè fi ààlà sí i báyìí, ní ìpín tó tẹ̀lé e gan-an.

Ṣùgbọ́n bí ojú ẹni bá rí eku tó gbé e, ọ̀rọ̀ yí padà. Rava, amòye ilẹ̀ Bábílónì kan ní ọ̀rúndún kẹrin, béèrè pé bí eku bá wọlé pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, tí a sì tún rí eku tó jáde pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu, ṣé a lè sọ pé ọ̀kan náà ni, kí a sì fọkàn balẹ̀? Bí ó bá jẹ́ eku funfun ló wọlé, tí eku dúdú sì jáde ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ eku ló gbé e wọlé, tó wá jẹ́ ẹran mìíràn tó ń pa eku jẹ ló gbé e jáde? Bí ẹran náà bá jáde, tí eku àti búrẹ́dì jọ wà lẹ́nu rẹ̀? Wọ́n fi èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìrí ojútùú, ọ̀rọ̀ tí Talmud sì ń lò fún irú ìbéèrè tí kò lójútùú bẹ́ẹ̀ ni “teku”. Kí Yorùbá tó bá gbọ́ ọ má ṣàì rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ teku ni lóòótọ́. Ohun tí èyí kọ́ onílé ni pé búrẹ́dì tó bá fẹ́ jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá, kó bò ó mọ́lẹ̀ kó tó lọ sùn, kí eku má bàa gbé nínú rẹ̀ kó sì dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún un.

Ibi tí a kì í bá gbé ìwúkàrà dé, a kì í wá a. Ihò ara ògiri tó ga ju ibi tí ọwọ́ ń dé lọ, tàbí tó wà nísàlẹ̀ jù, a kì í wá a. Àgbàlá náà kò nílò rẹ̀, nítorí pé bí búrẹ́dì bá já sílẹ̀ níbẹ̀, ẹyẹ yóò ti ṣà á jẹ kí òru tó dé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé adìyẹ àti ilé màlúù. Ẹni tó bá mọ agboolé níbi tí adìyẹ ti ń rìn fàlàlà mọ̀ pé òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n ilé ìsìn wọn, níbi tí a kì í ti í jẹun, wọ́n gbọ́dọ̀ wá a, nítorí pé àwọn ọmọdé máa ń mú ìpápánu wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò ẹ̀wù, kódà bí ènìyàn bá fi dá ara rẹ̀ lójú pé òun kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀.

Ọ̀kan tún wà tí mo mọ̀ pé yóò dùn mọ́ àwọn ará ilé wa. Bí ihò bá wà lára ògiri tó pààlà láàárín ilé Júù àti ilé ẹni tí kì í ṣe Júù, àwọn amòye tó pọ̀ jù ní kí Júù náà wá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá dé, kí ó sì fi ọkàn kọ ìyókù sílẹ̀. Pelimo, ọ̀kan nínú àwọn amòye náà, ní kó má wá a rárá, nítorí ewu. Ewu wo? Talmud dáhùn pé ẹni tó wà lódì kejì lè rí iná tó ń jó lóru lẹ́nu ihò, kó sì sọ pé àjẹ́ ni aládùúgbò òun ń ṣe. Bí ìyá wa láti Ọ̀fà bá ń ka ibí yìí, kó mọ̀ pé àwọn tó ṣe òfin náà ti ro irú ẹ̀rù tó ba ọmọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi òfin yẹra fún un.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń ta gààrí, ògì àti ìrù, ọmọ mi sì ń ta wàrà. Gbogbo wọn ló ti kan kí a tó tà wọ́n, àfi wàrà. Bí Júù bá wọ ilé mi lọ́jọ́ náà, ṣé gbogbo ọjà mi ni ìwúkàrà? — Oníṣòwò kan, Àjàṣẹ́-Ìpo.

ÌDÁHÙN: Rárá o, ìyá. Èdè wa fúnra rẹ̀ ti ràn yín lọ́wọ́: ẹ ní wọ́n ti “kan”, ẹ kò ní wọ́n ti “wú”. Irú ìyàtọ̀ yẹn ni Talmud ṣe nígbà tó ní ìrẹsì àti ọkà bàbà kékeré, bí a bá pò wọ́n mọ́ omi, jíjẹrà ni wọ́n ń jẹrà, wọn kì í wú. Ọkà márùn-ún péré ló lè di ìwúkàrà: àlìkámà, ọkà bálì, àti mẹ́ta mìíràn tó jẹ́ ìbátan wọn tí a kì í gbìn lágbègbè wa. Bí ìyẹ̀fun èyíkéyìí nínú wọn bá pàdé omi, tí a fi í sílẹ̀ láìpò fún ìṣẹ́jú méjìdínlógún, ó ti wọ inú èèwọ̀, ìbáà má tilẹ̀ sí yíìsì nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò sí nínú wọn, àgbàdo kò sí nínú wọn, igbá ìrù kò sí nínú wọn. Wàrà, tí a fi oje ewé bọmubọmu mú dì, wàrà ni títí láé.

Ohun tí yóò dá Júù yẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà ni búrẹ́dì, pọ́fù-pọ́ọ̀fù, bisikíìtì, sẹ̀mó tí wọ́n fi àlìkámà ṣe, àti bíà tí wọ́n fi ọkà bálì pọn. Mo ní láti fi kún un pé àwọn Júù tí orísun wọn jẹ́ ilẹ̀ Yúróòpù àríwá àti ìlà-oòrùn kì í jẹ ìrẹsì, ẹ̀wà àti àgbàdo lásìkò àjọ náà, nípasẹ̀ àṣà kan tó ti bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 700 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí àwọn ará Yemen ń jẹ ìrẹsì. Ṣùgbọ́n àwọn tí kì í jẹ ẹ́ náà lè ní in nínú ilé. Kò sí ẹni tó ń fi àbẹ́là wá ẹ̀wà.

ÌBÉÈRÈ: Ilé búrẹ́dì ni mo ní ní Gàá-Àkáńbí. Àpò fúláwà tó wà nílẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ju ogójì lọ. Oníbúrẹ́dì tó jẹ́ Júù, ṣé yóò dáná sun gbogbo ọjà rẹ̀ lọ́dọọdún ni? — Oníbúrẹ́dì kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Tà ni yóò tà á. Mishnah sọ pé ìwúkàrà tó jẹ́ ti Júù ní àsìkò Ìrékọjá ti di ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọdọ̀ jẹ èrè rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn àjọ náà, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti ẹni tí kì í ṣe Júù kò ní èèwọ̀ kankan. Tosefta, ìwé òfin àtijọ́ tó tẹ̀lé Mishnah, sọ nípa Júù kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú ìwúkàrà lọ́wọ́, pé ó lè tà á fún ẹni tí kì í ṣe Júù tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀, kó sì rà á padà lẹ́yìn àjọ náà. Láti ibẹ̀ ni àṣà òní ti wá: àwọn ènìyàn fún Rábì wọn ní àṣẹ, òun ló sì ń tà fún ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú ìwé àdéhùn àti àsanlẹ̀ owó, ibi tí ẹrù náà wà ni wọ́n sì máa ń fi háyà fún olùrà. Ìdúnàádúrà gidi gbọ́dọ̀ ni. Bí olùrà bá fẹ́ wọlé kó gbé àpò fúláwà kan lọ, kò sí ẹni tó lè dá a dúró, bí kò bá sì fẹ́ tà á padà, tirẹ̀ ni, yóò kàn san owó tó kù. Ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, wọ́n ń ta ìwúkàrà tó jẹ́ ti ìjọba pàápàá, Árábù kan tó jẹ́ Mùsùlùmí láti Abu Ghosh, ìlú kékeré kan lẹ́bàá Jerúsálẹ́mù, ló sì rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún. Yàrá tí a bá tà báyìí, a kì í wá ìwúkàrà nínú rẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀tàn ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ti gbọ́ ohun tí mo sọ fún ìyá wa láti Ọ̀fà mọ̀ pé níní in ni òfin náà ń bá wí láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì ní Ìgbájà. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn wíwá náà. Kí ni ọ̀rọ̀ náà, ṣé ó sì dìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ èdè Hébérù kó tó lè sọ ọ́? Ẹni tó bá gbàgbé láti wá ilé rẹ̀ ńkọ́? — Olùkàwé kan, Ìgbájà.

ÌDÁHÙN: Ẹni tó gbàgbé lálẹ́, kó wá a láàárọ̀, bí kò bá ṣe é láàárọ̀, kó wá a nínú àjọ, bí kò bá tún ṣe é, kó wá a lẹ́yìn àjọ, kó má bàa jẹ èyí tó ti di èèwọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè kì í ṣe Hébérù. Èdè Árámáíkì ni, èdè tí tọmọdé tàgbà ń sọ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń sọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń sọ. Rábì Isserles sọ pé a lè fi èdè tí ènìyàn gbọ́ sọ ọ́, bí ó bá sì di ti Yorùbá, yóò rí báyìí: “Gbogbo ìwúkàrà tó wà ní ìkáwọ́ mi, tí n kò rí, tí n kò sì mú kúrò, kí ó di asán, kí ó má ní ẹni tó ni ín, bí erùpẹ̀ ilẹ̀.” Alẹ́ ni wọ́n ń sọ èyí. Ẹ wò ó pé ohun tí ojú kò rí nìkan ló kàn, nítorí pé èyí tí wọ́n rí ṣì wà nípamọ́ fún oúnjẹ àárọ̀ àti fún iná. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dáná sun ìyókù, wọ́n á tún un sọ, tí wọ́n rí, tí wọn kò rí, gbogbo rẹ̀ pátá. Nípa òfin Bíbélì, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ti tó láìsí pé ènìyàn wá ilé, ṣùgbọ́n àwọn amòye kò fọkàn tán ọkàn ènìyàn tó bá ṣàdédé rí àkàrà òyìnbó dídára kan ní ọjọ́ kẹta àjọ náà.

Àkókò ni kí wọ́n ṣọ́ra fún. Wọ́n pín ojúmọmọ sí ọ̀nà méjìlá. Ní ìparí ìkẹrin ni jíjẹ ìwúkàrà parí, kí ìkẹfà tó bẹ̀rẹ̀ ni sísun rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ parí. Bí Júù kan bá wà ní Ìgbájà ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Igbe, jíjẹ yóò parí fún un díẹ̀ ṣáájú aago mọ́kànlá, ọ̀rọ̀ náà yóò sì parí díẹ̀ ṣáájú aago méjìlá. Lẹ́yìn ìgbà náà, bí ó tilẹ̀ sọ ọ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, kò wúlò mọ́. Talmud ní ìwúkàrà lẹ́yìn àkókò yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú ohun méjì tí kò sí ní ìkáwọ́ ènìyàn mọ́, síbẹ̀ tí òfin kà sí i lọ́rùn bí ẹni pé tirẹ̀ ni. Ìkejì ni kòtò tí ẹnì kan gbẹ́ sí ojú ọ̀nà gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó lè kọ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀, àbẹ́là alẹ́ àná sì ti jó tán.